"Ogún" kọ́ ni Suzanne Lenglen fi sílẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí àkọlé àròkọ tuntun náà jẹ́ "Ogún Suzanne Lenglen", ìyẹn ọmọ Faransé tó gba ife Wimbledon, ìdíje tẹ́níìsì ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti obìnrin lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín 1919 sí 1925. Mi ò fara mọ́ ọn. Pípín là ń pín ogún. Bí wọn ò bá pín in ní ìdí-igi, wọn a pín in ní orí-ò-jorí, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé kò sì ní ìpín níbẹ̀. Ẹ wo àṣekágbá Wimbledon ti 1919: Dorothea Lambert Chambers, alátakò rẹ̀, wọ yẹ̀rì tó dé ọrùn ẹsẹ̀. Lenglen ní tirẹ̀ ju ojúgun àti apá sílẹ̀, kò sì de kọ́sẹ́ẹ̀tì, aṣọ abẹ́ tó ń fún ìbàdí pinpin, mọ́nú. 10–8, 4–6, 9–7 ló fi borí. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ tó ṣeé sá, tó ṣeé fò. Ta ló pín ìyẹn fún wọn?

"Àjogúnbá" tí ẹlòmíràn mú wá dára fún òwe àti oríkì, nǹkan tí gbogbo ìran ni ín. Kò bá ẹnì kan ṣoṣo mu.

"Ipa tí Suzanne Lenglen fi sílẹ̀" ni mo fara mọ́. Ẹ má gé e kù sí "Ipa Suzanne Lenglen" o, torí òǹkàwé á rò pé ipa tó kó là ń sọ. Níbi tí wọn kì í ti í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀, wọ́n tún lè kà á sí "ipá", ìyẹn agbára. "Fi sílẹ̀" yẹn ló gbé ìtumọ̀ ró.

Pápá kejì ní Roland Garros, ọgbà tẹ́níìsì tó wà ní Paris, tó ń jẹ́ orúkọ Lenglen láti 1997, àti ife Coupe Suzanne-Lenglen tí olúborí obìnrin ń gbà níbẹ̀, "ohun ìrántí" ni kí a pè wọ́n. Lenglen ti kú ní 1938. Àwọn ẹlòmíràn ló ṣe wọ́n.

Gbólóhùn kan tún ń dà mí láàmú nínú àròkọ náà: "Ó gba Roland Garros lẹ́ẹ̀mẹfà." 1928 ni wọ́n ṣí ọgbà yẹn, láti 1926 sì ni Lenglen ti ń gbá tẹ́níìsì gbowó, èyí tí àwọn ìdíje ńlá kò gbà láyè títí di 1968. Ẹ kọ "ìdíje ilẹ̀ Faransé", kí ẹ sì fi kún un pé ti 1920 sí 1923, ọmọ ẹgbẹ́ tẹ́níìsì ilẹ̀ Faransé nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Ti 1925 àti 1926 ló bá àlejò figagbága.