Àṣá tí kò wúwo ju ẹyin adìyẹ méjì lọ

Ẹ̀yin ará, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń ka ìrírí yín lórí ohun ọ̀sìn, ẹni tó sin ehoro, ẹni tó sin ayékòótọ́. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Àṣá ni mo sìn, láti fi ṣọdẹ.

Ẹ má tíì pariwo. Ìpínlẹ̀ Texas ni mo ń gbé, òfin sì fàyè gbà á níbí. Wàá ṣe ìdánwò, wàá gba 80 nínú 100 ó kéré tán, ìjọba á wá wo ilé tí o kọ́ fún ẹyẹ, wàá sì ní ọ̀gá tí yóò máa mójú tó ọ. Ọdún méjì lèèyàn fi ń ṣe ọmọṣẹ́. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Mùṣín, àfi pé kò sí ayẹyẹ fíríídọ̀ọ̀mù níparí, ọ̀gá mi kò sì rán mi lọ ra ẹ̀wà rí.

American kestrel ni wọ́n ń pe ẹyẹ ọ̀hún. Nínú ìran àṣá tí apá wọn ṣe ṣóńṣó, tí òyìnbó ń pè ní falcon, òun ló kéré jù ní Àríwá Amẹ́ríkà. Oṣù Kọkànlá la mú un. Orí wáyà ló bà lé lẹ́bàá títì. Àwọn ọdẹ Íńdíà ló ni ọgbọ́n pàkúté tí a lò: àgò wáyà kékeré tí eku wà nínú rẹ̀, tí wọ́n wá fi okùn ìpẹja tín-ín-rín ta ojóbó sí i lára káàkiri. Ẹyẹ á bà lé e, ojóbó á mú un lẹ́sẹ̀, eku kò ní fara pa. A gbé e kalẹ̀ láti inú mọ́tò, a ò tíì dé ìyànà tó kàn tó fi bà. Ọ̀gá mi ki ẹyẹ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, orí nìkan ló yọ síta, ó gbé e lé síkéèlì. Gíráàmù 121. Bí ìwọ̀n ẹyin adìyẹ méjì náà nìyẹn.

Ọjọ́ méjì ló fi jókòó lé mi lọ́wọ́ nínú pálọ̀ láìfẹnu kan nǹkan, ó kàn ń wò mí bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ lówó. Lọ́jọ́ kẹta ó jẹun. Lẹ́yìn náà ó ń fò wá sọ́wọ́ mi láti orí àga, ìgbà tó yá, láti ìparí okùn gígùn nínú pápá. Ẹ jẹ́ n fo ibẹ̀ yẹn, nítorí síkéèlì ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹyẹ tó yó kò mọ ọ̀gá. Èyí tí ebi ń pa díẹ̀ á wá bí o bá súfèé. Èyí tí ebi pa jù á kú. Bó o bá ń sin red-tailed hawk, àṣá ńlá kan tó lè wúwo ju kìlógíráàmù kan lọ, àṣìṣe gíráàmù 10 kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ní ti tèmi, gíráàmù méjì ló wà láàárín kó gbọ́ràn àti kó lọ dúró sórí igi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àárọ̀ ni mò ń wọ̀n ọ́n, alẹ́ ni mò ń wọ̀n ọ́n. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹyẹ kékeré ló yẹ ọmọṣẹ́. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Ó ń fò dáadáa ní gíráàmù 106. Ọ̀gá mi ní bó bá ń ṣe báyìí, a ó tú okùn rẹ̀ ní Sátidé. Àwòdì tó ń re Ìbarà ni mí tẹ́lẹ̀, ẹ̀fúùfù wá ta mí nídìí pẹ́ẹ́. Mo fẹ́ kó yára sí i, mo bá dín oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ kù. Òtútù ńlá sì mú lóru ọjọ́ náà, òtútù tí kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ níbí.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ó ti wú ìyẹ́ ara rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù. Ojú rẹ̀ tó máa ń là rekete ti há, bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Mo gbé e lé síkéèlì: 97. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo pe ọ̀gá mi, aago márùn-ún ààbọ̀ ni. Kò bú mi. Ó ní kí n gbé e sínú páálí nítòsí ohun tó ń mú ilé gbóná, kí n fún un ní omi glúkóòsì lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ ná, lẹ́yìn náà ẹran eku wẹ́wẹ́ tí kò légungun tí kò nírun. N kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Lálẹ́ ó ti di 103, ó sì ta mí ní èékánná nígbà tí mo fẹ́ gbé e. Inú mi dùn sí ẹ̀jẹ̀ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà la tó tú okùn. Ológoṣẹ́ ló kọ́kọ́ pa, lẹ́yìn náà starling, ẹyẹ dúdú tí wọ́n kó wá láti Yúróòpù tú sílẹ̀ ní Central Park ní 1890. Òfin kò dáàbò bo àwọn méjèèjì, nítorí àlejò ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n ìyá mi ni wàhálà. Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti tọ́ wa, bí òjìjì àṣá bá kọjá lágbàlá, gbogbo wa la máa bọ́ síta pẹ̀lú òkò. Nígbà tí mo fi ẹyẹ náà hàn wọ́n lórí WhatsApp, wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Àṣá nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló ń jẹ?"

Mo ṣàṣìṣe, mo sọ òótọ́. Yàtọ̀ sí eku, òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan ni, tí wọ́n ti mú dì, mò ń rà á ní páálí-páálí. Wọ́n ní kí n gbé fóònù fún ìyàwó mi.

Nínú oṣù Kẹta mo bọ́ ọ yó dáadáa, mo gé ọ̀já awọ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo tú u sílẹ̀ níbi tí a ti mú un. Kò bojú wẹ̀yìn. Mo pe ìyá mi pé àṣá ti lọ o.

Wọ́n ní, "Adìyẹ ta ló wá lọ gbé báyìí?"