Lórí “arọ̀gbogbolọ́rùn”: ohùn ìsàlẹ̀ yẹn kò lè dúró

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Lánàá, ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Ìbàdàn gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ fún irú ilé tí à ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ayàwòrán ilé láti yà báyìí, ilé tí arọ, afọ́jú, aboyún àti arúgbó lè wọ̀ kí wọ́n sì jáde láìbẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n pè é ní ilé arọ̀gbogbolọ́rùn, ilé tó rọ gbogbo èèyàn lọ́rùn, wọ́n sì fi àwọn àgbà ayé àtijọ́ ṣe ẹlẹ́rìí pé ó ti pẹ́ tí a ti ń ro ti irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ti pàtẹ́wọ́ kí n tó jí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò lè bá wọn pa á.

Ẹ pè é jáde lẹ́nu, ẹ má kàn fi ojú kà á. Rọ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà níbẹ̀, olóhùn ìsàlẹ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti ṣe àbọ̀ fún un, ohùn rẹ̀ á di àárín: gbà, gba owó, rà, ra ilé. Ó rọ̀ mí lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó rọ Adé lọ́rùn. Gbogbo ló tẹ̀ lé e nínú ọ̀rọ̀ tiyín, nítorí náà arọgbogbolọ́rùn ni ẹnu ọmọ Yorùbá máa pè é, àmì yòówù kí ẹ fi lé e lórí. Arọ ti wọlé nìyẹn. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, àrùn tó rọ ọmọ lápá, tó rọ ọmọ lẹ́sẹ̀. Kí ni ìyá tí àrùn yìí mú ọmọ rẹ̀ máa gbọ́ nígbà tí ẹ bá ní ilé kan rọ gbogbo lọ́rùn? Ilé tó ń sọ ọrùn èèyàn di arọ ló máa gbọ́.

Mo mọ̀ pé ìrọ̀rùn ni ẹ ó fi dá mi lóhùn, pé ohùn ìsàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ì- ló wà níwájú ìyẹn, kì í ṣe a-. Ó rọrùn ńkọ́? Níbo ni ohùn ìsàlẹ̀ sá sí lórí rọ? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Àbúrò wa tó ní ká kúkú pè é ní “ilé aláàbọ̀ ara”, tìrẹ tún le ju ti ẹ̀gbọ́n lọ. Ààbọ̀ ni ìdajì. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi; ta ló ní èèyàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò rìn kì í ṣe odindi? Ẹ sì yọ àmì abẹ́ ọ̀ kúrò, bí àwọn tó ń kọ pátákó ṣe máa ń ṣe, aláàbò lẹ kọ yẹn. Abirùn kò sàn jù. Abi- tó wà nínú abìwo àti abiyẹ́ náà ló wà níbẹ̀: èyí níwo, èyí níyẹ̀ẹ́, èyí lárùn. Afọ́jú tí ara rẹ̀ le ju tèmi lọ, àrùn wo ló ní? Àkàndá ló tutù létí jù nínú wọn, mi ò bá a jà, òfin Èkó ti ọdún 2011 pàápàá ń pè wọ́n ní èèyàn àkànṣe. Ṣùgbọ́n ilé là ń sọ orúkọ fún, kì í ṣe èèyàn. Bí ẹ bá pè é ní ilé àkàndá, ẹ ti kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn.

Ron Mace, ọmọ Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ ní universal design ní 1985, ayàwòrán ilé ni. Rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú un ní ọmọ ọdún 9, kẹ̀kẹ́ ló sì ń lò títí ó fi kú ní 1998. Ohun tó wí ni pé kí ilé ṣeé lò fún gbogbo èèyàn dé ibi tó bá ṣeé ṣe dé, láìjẹ́ pé à ń ṣe ti ẹnì kan lọ́tọ̀. Ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, kò fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ilé.

Mo ń kọ́ni níṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. A pe bàbá kan wá bá àwọn ọmọ ọdún kẹta sọ̀rọ̀. Kẹ̀kẹ́ arọ ni bàbá ń lò. Wọ́n fẹ́ tọ̀, a tì wọ́n dé ẹnu ilé ìtọ̀, kẹ̀kẹ́ há. Bàbá gbé ọwọ́ lé férémù, wọ́n ní, “Ilẹ̀kùn yín ò gbà mí.” Ọmọbìnrin kan fa téèpù yọ: ẹnu ọ̀nà, sẹ̀ǹtímítà 60, kẹ̀kẹ́, 66. Ọmọkùnrin méjì ló gbé bàbá wọlé bí ẹni gbé ìkókó, ẹni tó bí wọn lọ́mọ. Ọdún 11 ni mo ti ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fi aṣọ di akẹ́kọ̀ọ́ lójú mọ́ pé kí wọ́n ṣe bí afọ́jú fún wákàtí kan. Àánú nìyẹn ń kọ́ wọn, kò kọ́ wọn ní ìwọ̀n ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn yín ò gbà mí. Ọ̀rọ̀ tí à ń wá kiri nìyẹn, ẹni tó ni ín ti sọ ọ́. Ilẹ̀kùn ló jẹ̀bi. Agbagbogbo ni mo dábàá: ilé agbagbogbo, àtẹ̀gùn agbagbogbo, ìyàwòrán agbagbogbo. Gbà di gba bó ṣe yẹ, kò sì sí arọ kankan tó fara pamọ́ síbẹ̀. Ẹni tó ní ká lo gbogboǹṣe, ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ti gbà á tipẹ́.

Ẹ má sọ pé ìjà àlàyé lásán ni. Bíríkìlà ni akẹ́kọ̀ọ́ mi máa bá sọ̀rọ̀ lọ́la, Yorùbá ni wọ́n á sì fi sọ ọ́. Bí ilẹ̀ bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn ún gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Bíríkìlà á gé e sí 4, á ní àyè ò sí, kẹ̀kẹ́ á yí padà sẹ́yìn. Òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn tó ní ìpèníjà ara, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019, fún ilé gbogbogbòò ní ọdún 5 láti tún ara ṣe. Ọdún 5 yẹn pé ní 2024. Ẹ lọ wo àtẹ̀gùn tó wà níwájú ọ́fíìsì tó sún mọ́ yín.

Àwọn àgbà tí ẹ̀gbọ́n ń pè ní ẹlẹ́rìí, mo gbé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe abuké, àfín àti arọ, a kì í sì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Nílé bàbá ìyá mi, àbúrò bàbá àgbà fọ́jú. Wọ́n ta okùn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ta kókó sí i níbi tó ti máa yà sí ìdí kànga. Ọmọ tó bá sá aṣọ sórí okùn yẹn, ìyà ló máa jẹ. Àmọ́ nínú agboolé kan náà, bí àlejò bá dé, wọ́n máa ń ní kí ọmọ tó ń fà nílẹ̀ wọ yàrá lọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí apá méjèèjì.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa kọ agbagbogbo sójú pátákó fún wọn. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, kó gbé e wá kí ọjọ́ náà tó pé, kó sì kọ́kọ́ pè é sókè ní ẹ̀ẹ̀mẹta.