Ẹ̀tù wo ni kí n rà fún .38? Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo wà báyìí

AkinKaty
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ má bínú pé mo kàn já wọlé láìkí yín dáadáa. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo wà, aago méje ni wọ́n ń tì. Mo fẹ́ máa di ọta fúnra mi: ẹ̀tù wo ló dáa fún ọta òjé? Sátidé ni ìdíje wa. Ẹ tètè dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́.

Baba Dallas
Ìbọn wo? Ọta wo? Báwo ló ṣe wúwo tó? O dà bí ẹni tó wọ ilé oògùn tó ní "ẹ fún mi lóògùn".

AkinKaty
Ẹ má bínú, sà. .38 Special ni, ìbọn onísìlíńdà, ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ínṣì mẹ́fà. Ọta grain 158 (grain ni òṣùwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ọta àti ẹ̀tù), imú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹnìkan ní pápá wa ló ń da òjé rẹ̀ tà fún wa.

Ọmọ Ọdẹ
Bullseye. Ọ̀rọ̀ ti parí. 1898 ni wọ́n ti ń ta ẹ̀tù yẹn, àsìkò yẹn náà ni Smith & Wesson gbé .38 Special jáde. Àwọn méjèèjì jọ dàgbà ni. Díẹ̀ báyìí ló ń gbà: òṣùwọ̀n tí gbogbo àwọn tó ń yìn sí páálí àmì mọ̀ fún wadcutter (ọta tí iwájú rẹ̀ tẹ́ pátápátá) grain 148 ni grain 2.7. Tìrẹ wúwo ju ìyẹn lọ, ìwé ni kí o wò fún un. Pọ́n-ùn kan jẹ́ grain 7,000, wá ṣírò iye ọta tí o máa rí níbẹ̀.

Sista Ṣadé
Bullseye dáa, àmọ́ bí HP-38 bá wà lórí àtẹ, òun ni kí o mú, àbúrò mi. Wóró rẹ̀ kúnná, ó ń ṣàn geere nínú ẹ̀rọ, iye tó dà sínú kèèsì (ilé idẹ tí ẹ̀tù ń wà nínú rẹ̀) àkọ́kọ́ náà ló máa dà sínú ti ìkẹyìn. Bí wọn ò bá ní HP-38, béèrè Winchester 231. Ẹ̀tù kan náà ni, orúkọ ara ike ló yàtọ̀. Má jẹ́ kí ọmọ ọjà kankan sọ fún ọ pé ọ̀kan dáa ju èkejì, kó wá fowó lé e.

Káyọ̀dé_ATL
Titegroup lèmi ń lò. Kì í gba nǹkan. Ibi yòówù kí ẹ̀tù náà sùn sí nínú kèèsì, ìdí ni o, ẹnu ni o, kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Àwọn ẹ̀tù yòókù, bí o bá tẹ ẹnu ìbọn sílẹ̀ kí o tó gbé e sókè, eré ọta á yàtọ̀ sí ti ẹni tó gbé ẹnu ìbọn sókè kó tó wá sọ ọ́ kalẹ̀ sójú àmì.

Ọmọ Ọdẹ
@Káyọ̀dé_ATL Titegroup gbóná jù fún òjé. Ọta tí wọ́n fi ọ̀dà bò, ó ń jó o nídìí.

Káyọ̀dé_ATL
Tèmi kì í jó. Bóyá ọ̀dà tìẹ ni kò jinná.

Baba Dallas
Bó bá jẹ́ pé owó wà, Vihtavuori N320, ti àwọn ará Finland. Ó mọ́ tónítóní. Owó rẹ̀ nìkan ni ìyàwó ilé ò gbọdọ̀ rí.

Ajé Maryland
Kí Akin tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí ní pápá kan. Ọkùnrin kan dúró ní àyè tó tẹ̀ lé tèmi, a ti kí ara wa, ó tilẹ̀ fi ìbọn rẹ̀ hàn mí. Ó ní ọwọ́ ẹnìkan ní ọjà ìbọn lòun ti ra ọta òun, inú ọ̀rá ló kó wọn sí, wọn ò kọ nǹkan kan sí i lára. Ó yìn ín díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ló bá ku ọ̀kan tí ìró rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Nígbà tí gbogbo wa nàró padà, irin tó gba orí sìlíńdà kọjá ti ká sókè, ìdajì sìlíńdà ò sí níbẹ̀ mọ́, ihò mẹ́ta là gbayawu. A rí ègé irin kan tó há sínú pákó àjà. Ìka rẹ̀ méjì ni wọ́n rán. Ẹ̀tù oníwọ̀nba tí ẹ ń yìn níbí yìí ni wọ́n bù sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀tù, mi ò sì ní dárúkọ ẹni tó tà á. Láti ìgbà yẹn, ọta inú páálí ilé-iṣẹ́ nìkan ni mo ń yìn.

Mama Bólú
Jésù! Akin, padà sílé o. Kí ni wọ́n fẹ́ fún yín ní ìdíje ọ̀hún gan-an?

Ọmọ Ọdẹ
Ẹ má fi ìtàn ẹni tó ra ọta inú ọ̀rá dẹ́rù ba ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ọta tí ẹlòmíì dì, kò sí ẹni tó ń yìn ín lọ́dọ̀ mi, àní bó jẹ́ ọmọ ìyá mi ló dì í.

Baba Dallas
Ajé, báwo lo ṣe mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bù ú? Ó lè jẹ́ pé ọta tó ṣáájú kò ní ẹ̀tù nínú rárá, tí práímà (èyí tó ń ta iná sí ẹ̀tù) nìkan tì í débi tó há sí, tí ìkejì wá lọ gbá a lẹ́yìn.

Ajé Maryland
Sà, ọ̀pá ìbọn náà wà bó ṣe wà. A tan iná sínú rẹ̀, kò wú níbì kankan. Bó bá jẹ́ pé ọta há, ṣebí ọ̀pá ló yẹ kó wú? Sìlíńdà ló fọ́.

Baba Dallas
Ó tọ̀nà. Mo gba ìyẹn.

Fìlà Gọ̀bì
Ẹ̀yin ò tíì gbọ́ pé bí ẹ̀tù bá kéré jù, òun náà lè bú? Àwọn àgbà pápá wa níbí gbà á gbọ́ gan-an.

Sista Ṣadé
Mo ti ń gbọ́ ìyẹn tipẹ́. Lójú tèmi, ẹni tó bù ú lẹ́ẹ̀mejì ni kò fẹ́ kí ẹ̀bi bá òun. Ẹ wò ó: ẹ̀tù dúdú ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe kèèsì .38 Special fún, grain 21 ló ń kún inú rẹ̀. Lónìí, mẹ́ta sí mẹ́rin là ń bù sínú ilé ńlá yẹn. Bí èèyàn bá bù ú lẹ́ẹ̀mejì, àyè ṣì ṣẹ́ kù, ọta á jókòó sórí rẹ̀ dáadáa, ojú ò ní rí nǹkan kan níta. Bẹ́ẹ̀, 17,000 psi ni gbèdéke agbára ìtì inú kèèsì tí wọ́n fi lé .38 Special.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí. Mo máa ń to kèèsì àádọ́ta sórí pákó oníhò, n ó tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn láti òkè, n ó máa wò wọ́n ní ìlà ní ìlà kí n tó gbé ọta kan ṣoṣo lé e. Èyí tí ẹ̀tù rẹ̀ ga ju ti ẹnìkejì á yọjú, èyí tó ṣófo á ṣókùnkùn. Tẹlifíṣọ̀n ò gbọdọ̀ sí nínú yàrá yẹn o, ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ bá mi ṣàwàdà náà kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Bùnmi
Ẹ̀tù lẹ̀ ń jà lé lórí, ta ló ń fọwọ́? Ẹ ò níí rí òjé tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Gbogbo wa la gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara lọ́dún 2010, nígbà tí wọ́n ń fọ́ òkúta wúrà nínú agbo ilé, ọmọdé tó lé ní irínwó ló bá a lọ. Eruku inú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fọ kèèsì ń kọ́? Òjé wà nínú práímà náà. Ẹ má jẹun nídìí tábìlì yẹn, ẹ má fi bàtà pápá wọ pálọ̀ tí ọmọ ń rá, kí ẹ sì ní kí dókítà yín wo ìwọ̀n òjé inú ẹ̀jẹ̀ yín.

Wálé Rímù
Ìyẹn rán mi létí: ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta òjé ara rímù táyà ní ẹ̀gbẹ́ Houston? Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á fúnra mi.

Káyọ̀dé_ATL
Èyí tó ń bọ̀ láti ara mọ́tò ayé ìsinsìnyí, síńkì ló pọ̀ níbẹ̀. Bó bá ti wọ inú ìkòkò, ìkòkò yẹn ti bàjẹ́. Òjé máa ń yọ́ ṣáájú síńkì, nítorí náà má jẹ́ kí iná rẹ pọ̀ jù, kí o sì yọ ohun tó bá léfòó dànù.

Olóyè Yemẹtu
Ẹ kú ìnáwó níbẹ̀ yẹn o, ẹ̀yin ọmọ wa. Ìbàdàn ni mo wà. Bàbá mi, ọwọ́ ló fi ń bu ẹ̀tù sínú ṣakabùlà, kò mọ síkélì, ẹtu ń kú. Ẹni tó bá ń bọ̀ nílé lọ́dún kó bá mi mú pọ́n-ùn kan dání.

Baba Dallas
Olóyè, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa. Ẹ̀tù kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú, ì báà jẹ́ báàgì ọwọ́, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n gbé sí ìsàlẹ̀. Òfin TSA, àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, ni. Kì í sì í ṣe irú èyí tí bàbá yín ń bù. Ẹ̀tù dúdú, ẹ lè fi ojú wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá fi ojú wọ̀n tiwa sínú ṣakabùlà, ìbọn náà ni yóò kú ṣáájú ẹtu.

Olóyè Yemẹtu
Mo gbọ́. Ẹ kí ìyàwó.

Ọmọ Ọdẹ
Ẹ padà sórí ọ̀rọ̀. Káyọ̀dé, òjé tó ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá rẹ tí o ń kùn lé lórí lọ́jọ́ sí, ẹ̀tù rẹ tó gbóná ló fà á.

Káyọ̀dé_ATL
Kì í ṣe ẹ̀tù. Ọta tó kéré ju ihò ìbọn lọ ló fà á: iná ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń yọ́ ọ. Látìgbà tí mo ti ń lo ọta tó fẹ̀ tó ínṣì .358 dípò .357, ọ̀pá mi mọ́. Akin, mú ọta rẹ, tì í gba ẹnu ihò sìlíńdà láti iwájú. Bó bá ṣubú kọjá fúnra rẹ̀, kò sí ẹ̀tù tó máa gbà ọ́.

Ọmọ Ọdẹ
Líle òjé ń kọ́?

Káyọ̀dé_ATL
Ti .38 lásán? Ẹni tó ń fi tánńganran àti antimony mú òjé le bí irin nítorí páálí, owó rẹ̀ ló pọ̀ jù.

Sista Ṣadé
Mo bá Káyọ̀dé lọ lórí èyí. Akin, ṣé o ṣì wà níbẹ̀?

AkinKaty
Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti rà á. Unique ni mo mú.

Ọmọ Ọdẹ
Ta ló ní kí o ra Unique? Ẹ ka gbogbo ohun tí a kọ sókè, ta ló dárúkọ Unique?

AkinKaty
Bullseye ti tán, sà. HP-38 wà, àmọ́ ike ńlá pọ́n-ùn mẹ́jọ nìkan ló kù, owó ilé ìwé ọmọ nìyẹn. Titegroup wà, àmọ́ lẹ́yìn ohun tí ẹ̀gbọ́n Ajé kọ, ọwọ́ mi ò gbé e. Bàbá arúgbó tó ń tajà ní Unique lòun fi ń yìn .38 láti ọjọ́ aláyé. Wọ́n ti fẹ́ tilẹ̀kùn, mo kàn sanwó.

Ajé Maryland
Èmi ò ní kí o ra èyíkéyìí.

Sista Ṣadé
Kò burú. 1900 ni Unique ti wà, kò lè jẹ́ àṣìṣe gbogbo ayé. Ó ń gba àyè nínú kèèsì ju Bullseye lọ, bí o bá bù ú lẹ́ẹ̀mejì á tètè hàn sójú. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó pẹ́lẹ́bẹ́, kì í ṣàn dáadáa nínú ẹ̀rọ. Wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí síkélì títí o fi mọ ìwà ẹ̀rọ rẹ. Bí o bá bù ú kéré, ìdọ̀tí dúdú á kún inú sìlíńdà, kì í ṣe pé nǹkan bàjẹ́.

Baba Dallas
Má mú iye kankan láti orí ìkànnì yìí, àní tèmi. Lọ sórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀tù náà, wá ojú ewé tó jẹ́ ti ọta òjé 158, kì í ṣe ti ọta tí wọ́n fi bàbà bò, kí o bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó kéré jù. Má sì fi Sátidé dán an wò o. Ọta tí o kò tíì yìn rí, o fẹ́ fi gba ife?

AkinKaty
Rárá, sà. Mo ra páálí ọta ilé-iṣẹ́ méjì fún Sátidé.

Ọmọ Ọdẹ
Ẹ gbọ́ mi o! Ó ti ra ọta ilé-iṣẹ́ fún ìdíje. Kí la wá ń kígbe lé lórí láti ìrọ̀lẹ́?

Mama Bólú
Ọmọ gidi ni. Ó gbọ́ tèmi.

AkinKaty
Ó ku nǹkan kan. Ta ló ní práímà kékeré ti ìbọn ìléwọ́ ní ìtòsí Katy? Mo ti délé kí n tó rántí pé tèmi ti tán.

Sista Ṣadé
Sugar Land ni mo wà. Mo lè yọ ọgọ́rùn-ún kan fún ọ. Lẹ́yìn Sátidé ni kí o wá, kí o sì gbé síkélì rẹ dání, ká fi tèmi yẹ̀ ẹ́ wò.