Àwọn ológbò tó ti bá wa gbé: ẹ wá ròyìn tiyín

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ ológbò ni mo gbé wá lónìí. Kẹ́nikẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo mọ̀ pé nílẹ̀ tiwa, iṣẹ́ la torí ẹ̀ ń sin ológbò. Kó pa eku, kó ṣọ́ gàrí, ó parí. A kì í ṣọ̀fọ̀ ẹ̀. Àmọ́ mo ti rí àgbàlagbà tó ń wí pé "ẹran lásán ni" tí omi sì ń dà lójú ẹ̀.

Ìyá ìyá mi ń yan gàrí. Ẹ̀yìn ilé wa ní Òkè-Àgbò ló ti ń ṣe é: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, àwọn àpò tí wọ́n gbé òkúta lé, ààrò tí agbada wà lórí ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé gàrí tiwa ní láti kan dáadáa, torí náà àpò á wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó sẹ́ ẹ. Kó tó di pé wọ́n yan án tán, tí wọ́n sì dì í sápò, eku ti gbọ́. Báyìí ni Baálé ṣe wọlé wa.

Abilà ni, àwọ̀ eérú. Ọjọ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀ nínú àpò tí wọ́n fi gbé e wá, orí àga bàbá àgbà ló lọ jókòó sí, kò bẹ ẹnikẹ́ni, ni màmá bá ní, "Baálé dé." Ó ní ìgbéraga. Ẹja tí a bá jù sílẹ̀ fún un, kò ní wò ó. Àfi kí wọ́n gbé e sínú abọ́. Tí wọ́n bá se ìkọ́kọrẹ́, á ṣa ẹja inú ẹ̀ jẹ, á fi ewùrà sílẹ̀ fún àwa tí ewùrà tọ́ sí. Nírọ̀lẹ́, tí iná bá ti kú, inú eérú gbígbóná lábẹ́ ààrò ló ń sùn. Irun imú ẹ̀ apá kan kò gùn rí torí pé ó ti jóná. Láàárọ̀, kí ọmọ kankan tó ṣáná, màmá á pariwo látinú yàrá: "Ẹ yẹ abẹ́ ààrò wò o!"

Ìgbà tó yá, ikùn Baálé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Gbogbo wa ní eku ti pọ̀ jù fún un. Afi ọjọ́ kan tí màmá fẹ́ mú ìró àríyá, tó ṣí apẹ̀rẹ̀ aṣọ, tó bá Baálé nínú ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tí ojú wọn ò tíì là. Ìró olówó ńlá yẹn ló bímọ sí. Ọkọ àǹtí mi ní ó yẹ kí wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà sí Ìyálé. Màmá ní, "Ṣé orúkọ ló ń pa eku ni?" Baálé ló jẹ́ títí ó fi kú. Torí pé àwa ọmọdé kò jẹ́ kó sinmi, ó ń gbé àwọn ọmọ náà ní ìpàkọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, lónìí wọ́n wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lọ́la wọ́n wà nínú àjà.

Májèlé eku ló pa á. Ilé kejì ló fi í sára ẹja gbígbẹ. Bóyá ẹja náà ló jẹ, bóyá eku tó jẹ ẹja náà ló pa jẹ, a kàn rí i tó ń gbọ̀n, tí itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀. Màmá rọ epo pupa fún un, ó gbé e sórí ẹsẹ̀, ó jókòó. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó fi kú. Màmá fúnra ẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ nídìí igi àgbálùmọ̀. Ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ náà, kò sì lọ. Ó ní orúnkún ń dun òun. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn rí ṣáájú, n kò sì gbọ́ ọ mọ́ lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyàwó Ṣàgámù

Ẹ kú ìrántí. Ṣé ìran Baálé ṣì wà? Tiwa ní Sábó ni, nídìí obì. Ìyá ọkọ mi ló ń tà á. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ bó ṣe ń rí lásìkò obì: apẹ̀rẹ̀ gba gbogbo ilẹ̀, àwọn obìnrin ń bó o, wọ́n ń ṣà á, àwọn Àlájì tó wá ra gbánja láti Òkè Ọya ń retí ọkọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló ní òun fẹ́ dé Kánò fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ìyá bá òun wo ológbò òun, Mágè. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí títí dòní.

Ológbò yìí, ẹ pè é ní Yorùbá títí ọ̀fun yín á fi gbẹ, kò ní mira. Àmọ́ ìyá ọkọ mi, tó jẹ́ pé ọjà ló kọ́ ọ ní Haúsá, tó bá ti ní "Zo nan!", ìyẹn "wá síbí", Mágè á fò dìde. Ọkọ mi bínú sí i gan-an. Ó ní àlejò kì í wá sílé ẹni kó tún ní ká kọ́ èdè òun. Láàárín oṣù díẹ̀, òun náà ti ń sọ "zo nan" ní ìkọ̀kọ̀.

Ọjọ́ ogbó ló lọ. Eyín ẹ̀ ti ká, ìyá ló ń fọwọ́ tẹ ẹja fún un.

Ará Ìpẹ̀rù

Ẹ gbọ́ tèmi o. Dúdú kirikiri ni tiwa, pásítọ̀ ìyá mi sì ní àjẹ́ ló rán an. Ẹ̀gbọ́n mi dì í sínú àpò, ó fi ọ̀kadà gbé e débi tó jìnnà lọ́nà Ìṣàrà, ó tú u sílẹ̀ níbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti padà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń lá ọwọ́. Ìyá mi wò ó títí. Ó ní, "Ó dáa, wọlé. Àmọ́ tí pásítọ̀ bá dé, kí n má rí ẹ."

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde

Pásítọ̀ yín le o! Ní ilé wa, bàbá mi kì í jẹ́ ká lé ológbò kúrò nídìí búta àlùwàlá. Nígbà tí àbúrò mi fẹ́ da omi tí ológbò fẹnu kàn nù, bàbá dá a dúró, ó sọ ìtàn Abú Qatáádà, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, fún wa: bí ológbò ṣe wá sídìí omi àlùwàlá ẹ̀, tó sì tẹ abọ́ fún un kó lè mu ún dáadáa, tó ní Ànábì sọ pé ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin, pé ara àwọn tó ń yí wa ká nínú ilé ni.

Sàárà ló ń jẹ́, torí pé ẹnì kan ló fi ta wá lọ́rẹ. Iléyá ni ọdún tiẹ̀. Á jẹ ìfun àgbò títí á fi máa rìn bí aboyún. Ìyà ẹ̀ a wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, tí Ojúde Ọba bá dé. Ìlù, ẹṣin, ìbọn àwọn ìdílé Balógun! Inú àjà ló ń lọ, kì í sọ̀ kalẹ̀ títí àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé á fi bọ́ gèlè. Lọ́dún 2020 tí Kòrónà ò jẹ́ ká ṣe é, gbogbo Ìjẹ̀bú fajú ro, Sàárà na ara ẹ̀ sójú fèrèsé, ó sùn. Òun nìkan ni mo mọ̀ tó gbádùn ọdún yẹn. Ó jáde lóru ọjọ́ kan, kò padà. A wá a títí dé Ìmọ̀wò.

Ará Ìlíṣàn

Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ni mò ń ṣe. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ má bínú sí màmá, gbogbo ilé ló ń rọ epo pupa, àmọ́ kì í pa májèlé. Ẹran tó ń gbọ̀n lè fa epo náà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Irú májèlé tó ń mú wọn gbọ̀n bẹ́ẹ̀ kì í fún èèyàn láyè, ẹ sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Irú kejì wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kó tó hàn. Ìyẹn ní abẹ́rẹ́ tó ń gbà á là tí wọ́n bá tètè rí i.

Tèmi ń jẹ́ Kúkúrú. Àlejò kan rí i pé òtútù mú un, àánú ṣe é, ó lọ parasẹtamọ́ọ̀lù fún un. Oògùn tí àwa ń lò láìbẹ̀rù yẹn, ara ológbò kò lè tú u palẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ kiri ara mọ́. Nígbà tí mo dé, èrìgì Kúkúrú ti dà bíi kòkó, ojú ẹ̀ ti wú. Èèyàn rere ni àlejò yẹn. Ó ṣì máa ń bi mí léèrè ológbò náà, títí dòní n kò sì tíì sọ fún un ohun tó pa á.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ ṣé o, Ará Ìlíṣàn. Mo ti ka èyí fún àwọn ará ilé.

Ìyàwó Ṣàgámù béèrè bóyá ìran Baálé ṣì wà. Ó wà. Ọ̀kan nínú wọn bímọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú wọn ò tíì là. Ẹni tó bá fẹ́, ẹ jẹ́ ó pé oṣù méjì kí wọ́n kúrò lẹ́nu ọmú, kẹ́ ẹ tó gbé àpò wá. Ará Ìpẹ̀rù, dúdú kan wà nínú wọn o, tẹ́ ẹ bá ti lè bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀.