Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti sọnù. Ṣé dandan ni kí n jẹ́wọ́ níwájú ìjọ?

Télọ̀ Adó:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Adó-Èkìtì ni mo ti ń ránṣọ, nítòsí Ọjà Ọba. Ọdún 11 ni mo fi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ohùn alto ni mò ń gbè. Nígbà tí ọkọ mi kú, mi ò yẹsẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi kankan. Ẹnu mi ń kọrin, inú mi dá wáí bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò. Kò sẹ́ni tó fura. Nígbà tó ṣe, mi ò lọ mọ́. Ó ti pé ọdún 3. Aṣọ akọrin mi ṣì wà nínú ọ̀rá lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò lè dà á nù, mi ò sì lè wọ̀ ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń ká etí ìró oníbàárà kan, àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ẹnu mi ń gbè alto orin ìyìn kan. Omijé já sórí aṣọ aláṣọ (mo dúpẹ́ pé àǹkárá ni, kì í ṣe léèsì). Mo fẹ́ padà. Wọ́n ní kí n wá jẹ́wọ́ níwájú ìjọ. Kí ni kí n wí? Mi ò jalè, mi ò ṣàgbèrè.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fà á gùn. Ọmọ onínàákúnàá, ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó dìde, ó lọ bá bàbá rẹ̀. Ẹ gbààwẹ̀ ọjọ́ 3, kí ẹ jẹ́wọ́, ó parí.

Ìyá Ẹ̀fọ̀n:
Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, rọra. Ìtàn 3 ló wà nínú Lúùkù orí 15, èyí tó gbẹ̀yìn nìkan lẹ máa ń rántí. Ọmọ yẹn gba ogún, ó bá tirẹ̀ lọ. Àgùntàn náà ṣáko. Ṣùgbọ́n owó fàdákà, ẹyọ kan nínú 10, inú ilé ló sọnù sí. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni yóò jẹ́wọ́? Obìnrin yẹn ló tan fìtílà, òun náà ló gbálẹ̀. Yẹtí mi bọ́ nígbà kan tí mò ń bẹ iṣu. Ọjọ́ kejì ni mo rí i nínú èèpo tí mo fẹ́ dà fún ewúrẹ́. Mi ò bá yẹtí wí.

Ọmọ mi, Wòlíì Babalọlá tí wọ́n sin sí ìlú wa níbí, ìdí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ni ìpè ti bá a ní 1928, ó ń tún un ṣe lọ́wọ́ ni. Etí ìró ni tìrẹ ti bá ọ. Wá àgbà obìnrin kan tó o fọkàn tán nínú ìjọ, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ kúnlẹ̀. Tí wọ́n bá ṣì ní àfi kí o dìde síwájú, sọ fún wọn pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ọ́.

Télọ̀ Adó:
Màmá, ẹ ṣeun. Mo yọ aṣọ náà kúrò nínú ọ̀rá lálẹ́ àná. Ó ti fún mi lápá. Mo ti ń tú ojú rírán rẹ̀.