Ẹ fi èlé sílẹ̀ jàre, èrè àtúntà ni

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọ̀gbẹ́ni tó ní ká máa pe èrè tá a jẹ tí ilé, ilẹ̀ tàbí ṣíà (ìpín nínú iléeṣẹ́) tá a rà bá gbówó lórí, ìyẹn "capital gain" lédè Gẹ̀ẹ́sì, ní "èlé-dúkìá", mo ti ka àlàyé yín, ẹ ní ṣebí "lé" kan náà ló wà nínú "ó lé ní igba". Ó dùn mí pé èèyàn pọ̀ tó ń kan sáárá sí i. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ọmọ yìí ò sì wá láti ilé èlé. Ẹni tó yáni lówó ló ń gbèlé, ọjọ́ ló ń bí i, bí gbèsè bá ṣe ń pẹ́ ló ń gorí ara wọn. Ta lẹni tó ra ilẹ̀ yá lówó?

Iṣẹ́ àkáǹtì ni mò ń ṣe, ẹ gbọ́ bá a ṣe ń ṣírò ẹ̀. Ẹ ra ilé ní 100, ẹ san 5 fún lọ́yà àti ìwé, ẹ fi 15 kọ́ yàrá kún un, ojú owó yín ti di 120 nìyẹn. Ẹ wá tà á ní 170, alágbàtà yọ 10, 40 lèrè yín, kì í ṣe 70. Ọ̀dà tẹ́ ẹ kùn kì í sábà wọnú ojú owó, àtúnṣe lásán ni. Owó tí ayálégbé ń san àti dífídẹ́ǹdì (èrè tí iléeṣẹ́ ń pín fáwọn tó ní ṣíà), ọ̀tọ̀ nìyẹn pátápátá. Tílé yẹn bá sì di 300 lọ́jà tẹ́ ẹ ò tà á, orí ìwé lèrè yẹn ṣì wà, ó lè lọ sílẹ̀ lọ́la, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìjọba fi máa ń dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá tà kí wọ́n tó béèrè owó orí tiwọn. Ìyẹn ni mo ṣe ní "tà" gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: èrè àtúntà. Tẹ́ ẹ bá sì tà á ní 90, àdánù àtúntà. Kí lẹ fẹ́ pe tiyín nígbà yẹn, èlé tó dín?

Àǹtí tó ní "àtúntà" ń jọ kéèyàn ta ilẹ̀ kan fẹ́ni méjì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo "tún" yẹn dáadáa, ẹni tó rà ló tún un tà. Ẹni tó sì ní àwọn àgbà ò lọ́rọ̀ fún nǹkan wọ̀nyí ò gbé lọ́dọ̀ oníṣòwò rí, "ojú owó ni mo tà á" ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tọ́rọ̀ tiẹ̀ bá ju tèmi kó gbé e wá, èlé ṣá ò gbọdọ̀ sí nínú ẹ̀.