Ó ti lé ní ọdún 25 láìní ìwé, ọmọ rẹ̀ fẹ́ẹ́ pé 21: ibo ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston

Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ bùrọ̀dá kan ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 58 ni wọ́n. JFK ni wọ́n gbà wọ Amẹ́ríkà ní 1999, físà àbẹ̀wò B-2 ni, wọn ò sì padà sílé látìgbà náà. Pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n wọlé sì hàn ketekete, àmọ́ káàdì funfun I-94, ẹ̀rí pé wọ́n gbà wọ́n wọlé, ti sọnù. Ní 2003, ìyàwó kan tí wọ́n fẹ́ níbí fi ìwé sílẹ̀ fún wọn. Ìgbéyàwó náà tú ká, wọ́n kó kúrò nílé yẹn, wọn ò sì mọ ibi tí ìwé náà já sí. Ọmọbìnrin wọn tí a bí sí Houston máa pé 21 lóṣù mẹ́ta sí i. Wọn ò fẹ́ ìyá ọmọ náà níṣu-lọ́kà.

Ẹ bá mi dáhùn mẹ́ta. Ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó bá ti lo 20 ọdún níbí, ìjọba gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé? Èkejì, ẹnì kan tó ń bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù ní òun á gba $3,500, òun á fi “òfin ọdún mẹ́wàá” gba gíríìn káàdì fún wọn. Ẹ̀kẹta, ara ìyá wọn ò yá ní Abẹ́òkúta. Ṣé wọ́n lè lọ wò wọ́n, kí ọmọ wá ti ibí fi ìwé pè wọ́n padà? ICE, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mú ẹni tí kò níwèé, sì ń yí àdúgbò ká, ọkàn wọn ò balẹ̀ rárá.

Ìyá Ìbejì, Maryland

Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ 20 ọdún fún wọn, ìró òfin kan ló gbọ́. Registry ni wọ́n ń pè é. Òfin náà wà lóòótọ́, ó kàn ti gbó ni. 1929 ni wọ́n ṣe é: ẹni tó bá lè fi hàn pé òun ti wà nílẹ̀ yìí kí ọjọ́ kan báyìí tó pé, tí ìwà rẹ̀ dára, tó sì ń gbé ibí láti ìgbà náà wá, yóò gba ìwé. June 3, 1921 ni ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sí i. Wọ́n sún un sí 1924, lẹ́yìn náà sí 1940, sí 1948, wọ́n wá sún un sí January 1, 1972. Ọdún 1986 ni wọ́n sún un kẹ́yìn, wọn ò tíì fọwọ́ kàn án mọ́.

Ẹ ṣírò ẹ̀. Ní 1986, ẹni tó ti lo bí ọdún 15 níbí ló lè jàǹfààní ẹ̀. Lónìí, ó ti lé ní 50. Bùrọ̀dá yín tí wọ́n dé ní 1999 ò lè kàn án láéláé àfi bí wọ́n bá sún ọjọ́ náà. Ní 2022 wọ́n gbé àbá kan lọ sílé aṣòfin pé kó di ọdún méje, kó sì máa sún fúnra ẹ̀. Kò kọjá. Ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ìwé òfin, fún bí ogójì ọdún, wọn ò lè yí i! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn lórí registry.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mo dá sí ìbéèrè kejì. Kí wọ́n sá fún ẹni $3,500 yẹn.

“Òfin ọdún mẹ́wàá” kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ránṣẹ́ sí USCIS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní ìwé ìmígíréṣọ̀n. Cancellation of removal (kí adájọ́ fagi lé ìdápadà) ni, adájọ́ ìmígíréṣọ̀n nìkan ló lè fún èèyàn, ẹni tí ìjọba bá sì ti gbé lọ sí kóòtù pé àwọn fẹ́ dá padà sílé nìkan ló lè tọrọ ẹ̀. Báwo wá ni akọ̀wé fọ́ọ̀mù ṣe fẹ́ gbà á? Ọgbọ́n wọn ni pé wọ́n á kọ asylum irọ́ (pé ẹ̀mí èèyàn wà nínú ewu nílé), USCIS á kọ̀ ọ́, á sì tari èèyàn sí kóòtù. Níbẹ̀ ni akọ̀wé ti máa ń pòórá. Èèyàn á wá máa jẹ́jọ́ tí kò tọrọ, irọ́ tó buwọ́ lù á sì wà nínú fáìlì títí ayé.

Kódà nílé ẹjọ́, ọdún mẹ́wàá nìkan ò tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìyà tó kọjá ti gbogbo èèyàn máa jẹ ọkọ tàbí aya, òbí, tàbí ọmọ tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí tó ní gíríìn káàdì. Ọmọ tí òfin yẹn mọ̀ ni ẹni tí kò tíì pé 21, tí kò sì tíì ṣègbéyàwó. Tí ọmọbìnrin wọn bá ti pé 21, wọn ò ní kà á mọ́. 4,000 èèyàn péré ni wọ́n lè fún lọ́dún ní gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn ṣe é, kí wọ́n béèrè: ṣé lọ́yà ni? Kí wọ́n wá orúkọ ẹ̀ lórí ìkànnì ẹgbẹ́ lọ́yà ìpínlẹ̀ tó ti gbàwé ẹ̀rí. Bí kì í bá ṣe lọ́yà, ṣé ó wà lórí àkọsílẹ̀ àwọn accredited representative (àwọn tí kì í ṣe lọ́yà tí ìjọba fún láṣẹ) tí Department of Justice ń gbé jáde? Ẹni tó ń gbèjà èèyàn máa ń fi fọ́ọ̀mù G-28, tó ń sọ pé òun ló ń gbèjà ẹ̀, sí i. Ẹni tó bá ní “ẹ má kọ orúkọ mi síbẹ̀”, kí wọ́n dìde.

Sọ̀ tó dùn

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ sílé jàre. Ìyá ò ṣeé fi ṣeré. Ọmọ á fi ìwé pè wọ́n tó bá yá.

Ìyá Ìbejì, Maryland

@Sọ̀ tó dùn, ìmọ̀ràn yẹn gan-an ló ń ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́. Òfin 1996 ni: láti April 1, 1997, ẹni tó bá ti gbé ibí láìní ìwé fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó wá jáde, kò lè padà wọlé fún ọdún mẹ́wàá. Tó bá lé ní ọjọ́ 180 tí kò tó ọdún kan, ọdún mẹ́ta. Ẹsẹ̀ tí èèyàn bá gbé jáde ló ń tú ìyà náà sílẹ̀. Ẹni tó bá jókòó síbí, kò kàn án.

Ìdáríjì wà, fọ́ọ̀mù I-601, ṣùgbọ́n ìyà ọkọ, aya tàbí òbí ẹni ni wọ́n ń wò. Ìyà tó máa jẹ ọmọ ò wọ̀ ọ́. Bùrọ̀dá ò ní aya níbí, òbí wọn sì wà ní Abẹ́òkúta, kò ní gíríìn káàdì. Kò sẹ́ni tí wọ́n máa fi tọrọ.

Ẹ tún fi èyí kún un: àṣẹ tí Ààrẹ Trump buwọ́ lù ní December 16, 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2026, fi Nàìjíríà àti Benin sára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá físà àbẹ̀wò, ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ti ẹni tó fẹ́ wá gbé ibí dúró. Ìlẹ̀kùn méjì ló máa tì mọ́ wọn lẹ́yìn. Ó dùn mí láti kọ ọ́, àmọ́ orí fóònù ni kí wọ́n ti máa rí ìyá wọn báyìí.

Akọ̀wé Kóòtù Àtijọ́

Ọ̀nà tó wà fún wọn nìyí, ọjọ́ ìbí ọmọ náà ló ṣí i. Ọmọ Amẹ́ríkà tó bá ti pé 21 lè fi I-130 tọrọ ìwé fún òbí ẹ̀, kò sì sí títò sórí ìlà ọlọ́dún gbọọrọ. Fún òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, òfin máa ń mójú kúrò lára pé físà ti kọjá, àti pé wọ́n ṣiṣẹ́ láìní àṣẹ, bí wọ́n bá ṣáà ti gba ojú òṣìṣẹ́ bodè wọlé. Ìdí nìyẹn tí òǹtẹ̀ 1999 yẹn fi ju wúrà lọ. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn gba bodè Mexico wọlé, tí kò sẹ́ni tó rí i, kò ní irú oore yìí lọ́pọ̀ ìgbà.

Kí wọ́n ya ẹ̀dà ojú ewé físà, ojú ewé òǹtẹ̀, àti ojú ewé fọ́tò. I-94 tó sọnù: fọ́ọ̀mù I-102 wà fún un, tàbí kí wọ́n fi FOIA (òfin tó jẹ́ kí èèyàn béèrè fáìlì lọ́wọ́ ìjọba) béèrè lọ́wọ́ CBP, àwọn òṣìṣẹ́ bodè. Wíwá a lórí ìkànnì I-94 ò lè ràn wọ́n lọ́wọ́, torí 2013 ni wọ́n tó sọ ti pápákọ̀ òfurufú di ti kọ̀ǹpútà.

Ibi tí fáìlì bàbá ti sábà máa ń há nìyí: wọn ò fẹ́ ìyá ọmọ. Orúkọ bàbá lórí ìwé ìbí Texas dára, kò tó. USCIS á béèrè ẹ̀rí pé bàbá ń ṣe bàbá kí ọmọ tó pé 21. Oṣù mẹ́ta ló kù, kí wọ́n kó o jọ báyìí: ìwé owó ìtọ́jú ọmọ, owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ láti báńkì, fọ́ọ̀mù iléèwé tó ní orúkọ wọn bí ẹni tí wọ́n máa pè, ìwé dókítà, fọ́tò tó ní ọjọ́. Ẹ̀rí ọdún márùn-ún tó tẹ̀léra wọn sàn ju ogún fọ́tò ọjọ́ kan lọ.

Ìwé ìbí tiwọn náà ńkọ́? Ẹni tí a bí ní Nàìjíríà ṣáájú 1992, National Population Commission ló ń fún un ní attestation. Age declaration ti kóòtù nìkan sábà máa ń mú kí wọ́n kọ lẹ́tà padà.

Owó: láti April 1, 2024, I-485, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ gíríìn káàdì láti ibí, jẹ́ $1,440, I-130 orí bébà jẹ́ $675. Kí wọ́n wo ojú ewé owó USCIS lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́, wọ́n tún gbọ́dọ̀ wo ọjọ́ àtẹ̀jáde tó wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, torí èyí tó bá ti gbó, wọ́n á dá gbogbo àpòòwé padà. USCIS ò gba ṣẹ́ẹ̀kì àti money order mọ́ láti òpin October 2025. Káàdì (G-1450) tàbí kí wọ́n fà á látinú àkáǹtì (G-1650). Àyẹ̀wò dókítà, I-693, gbọ́dọ̀ bá I-485 lọ pọ̀ láti December 2, 2024. Wọn kì í jẹ́ kó tẹ̀lé e mọ́. Ọmọ náà ló máa buwọ́ lu I-864, ìwé pé òun á gbọ́ bùkátà wọn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni. Bí owó tó ń wọlé fún un ò bá tó ìdá 125 nínú ọgọ́rùn-ún òṣùwọ̀n òṣì, ẹlòmíì tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí tó ní gíríìn káàdì á bá a dúró.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: láti oṣù January 2026, USCIS dá ìpinnu lórí ìwé àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà lórí àkọsílẹ̀ àṣẹ Trump yẹn dúró. Wọ́n ń gbà á, wọ́n ń gba owó ẹ̀, wọn ò dáhùn. Kí wọ́n bi lọ́yà bóyá fífi ránṣẹ́ nísinsìnyí sàn ju dídúró lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Kí ẹnikẹ́ni má fi I-485 ránṣẹ́ kí wọ́n tó mọ ohun tó wà nínú fáìlì 2003 yẹn. Ní November 2025 ICE mú àwọn èèyàn tí físà wọn ti kọjá níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò USCIS ní San Diego. Ẹni tí àṣẹ ìdápadà ti wà lọ́rùn ẹ̀ ló wà nínú ewu jù.

Àwọn ohun tó lè ba ti bùrọ̀dá jẹ́: bí USCIS bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbéyàwó 2003 jẹ́ ti ìwé lásán, ọmọ ò lè gba ohunkóhun fún wọn mọ́. Bí wọ́n bá ti ṣàmì sí “ọmọ Amẹ́ríkà” lórí I-9 níbi iṣẹ́, tàbí wọ́n forúkọ sílẹ̀ láti dìbò nígbà tí wọ́n ń gba láísẹ́ǹsì, ìyẹn ò ní ìdáríjì fún gíríìn káàdì. Bí orúkọ tó wà lórí físà kì í bá ṣe tiwọn, I-601 ni, ẹ sì ti gbọ́ pé kò sẹ́ni tí wọ́n máa fi tọrọ.

FOIA sí USCIS, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀dà ìwé ìka ọwọ́ FBI jẹ́ $18. Kí wọ́n kọ gbogbo bí orúkọ wọn ṣe lè yí: orúkọ bàbá níwájú, lẹ́yìn, èyí tí akọ̀wé pápákọ̀ sì bàjẹ́. Fáìlì Yorùbá ń sọnù lórí orúkọ ju ohunkóhun lọ.

Àǹtí Káàdúnà Road

ICE lẹ́nu ọ̀nà: ẹ má ṣílẹ̀kùn, ẹ ní kí wọ́n ti ìwé gba abẹ́ ẹ̀. Ìwé àṣẹ I-200 tàbí I-205, òṣìṣẹ́ ICE ló buwọ́ lù ú, kì í ṣe adájọ́. Ẹ wá orúkọ kóòtù àti ti adájọ́. Bí wọ́n bá fipá wọlé, ẹ má bá wọn jà, ẹ kàn sọ pé ẹ ò fọwọ́ sí i. Ẹ má purọ́, ẹ má buwọ́ lu ohunkóhun láìrí lọ́yà. Kí ẹ̀dà ẹ̀rí pé wọ́n ti lé ní ọdún méjì níbí wà nínú àpò wọn. Kí ọmọ mọ locator.ice.gov, ibi tí wọ́n ti ń wá ẹni tí ICE mú; nọ́ńbà A (ti fáìlì ìmígíréṣọ̀n) àti orílẹ̀-èdè tí a bí wọn sí ló yá jù. Béèlì kì í dín ní $1,500.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston

Ẹ ṣé o. A rí káàdì iṣẹ́ 2003 nínú àpótí, nọ́ńbà A wà lára ẹ̀, ó jẹ́ nọ́ńbà mẹ́jọ. A pe 1-800-898-7180, nọ́ńbà kóòtù ìmígíréṣọ̀n. Ó ní nọ́ńbà ò pé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ fi òdo kan síwájú, kó di mẹ́sàn-án.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston

Ó jáde. Ó ní adájọ́ pàṣẹ ìdápadà ní 2005. Wọn ò mọ̀ rárá pé ẹjọ́ wà!

Akọ̀wé Kóòtù Àtijọ́

Ẹ dá I-485 dúró pátápátá. Bí wọ́n ò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, in absentia ni wọ́n ń pè é. Bí lẹ́tà ò bá dé ọwọ́ wọn, wọ́n lè bẹ adájọ́ nígbàkígbà pé kó tún ẹjọ́ ṣí. Wọn ò sì ní lè fi àṣẹ náà dá wọn padà sílé títí adájọ́ á fi dáhùn. Ìjọba á ní ojúṣe wọn ni láti fi AR-11 sọ àdírẹ́sì tuntun láàárín ọjọ́ 10. Lọ́yà á ní ta ló sọ fún wọn pé ẹjọ́ wà? Ibẹ̀ ni ìjà náà máa wà.

FOIA mìíràn rèé, sí EOIR, àwọn tó ni kóòtù ìmígíréṣọ̀n, fún gbogbo fáìlì kóòtù àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Tó bá dé, ẹ má kọ́kọ́ ka ìdájọ́. Ẹ wá Notice to Appear (ìwé ìpè sí kóòtù), ẹ wo àdírẹ́sì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, ẹ fi wé ọjọ́ tí wọ́n kó kúrò nílé yẹn. Kí ẹ wá ẹ̀dà àpòòwé tí ilé ìfìwéránṣẹ́ dá padà. Ìwé ilé tí wọ́n gbé lẹ́yìn ìgbà náà, iná mànàmáná, owó orí 2004, ẹ kó gbogbo ẹ̀ fún lọ́yà kó tó kọ lẹ́tà kankan.